Títa Àwo Létí

Etí ni mo kọ́kọ́ fi ń wo àwo.
Màá gbé e lé orí ìka mẹ́ta,
màá fi èékánná ta á létí fẹ́rẹ́.
Tó bá dún gooro, tí ohùn náà sì pẹ́ kó tó kú,
ara rẹ̀ pé.
Tó bá dún kọ̀ọ̀, bí ẹni kan ilẹ̀kùn ilé òfo,
ẹ má sọ fún mi pé kò sí nǹkan.
Ó ti sán níbì kan. Ẹ jẹ́ ká wá a.

Lẹ́yìn náà ni màá gbé e sójú oòrùn.
Tánganran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í bo ìka mọ́lẹ̀:
òjìji ọwọ́ mi a hàn lódìkejì
bí ẹja nínú ọ̀sà létí èbúté.
Màá dojú rẹ̀ dé, màá wo òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀,
adé kékeré, àti nọ́ńbà tí ẹni tó kùn ún kọ
ní ìlú tí òtútù ti ń mú un lọ́wọ́.
Wúrà etí rẹ̀ ńkọ́, ibo ni kàn-ìn-kàn-ìn ti họ ọ́ lọ?
Ta ló fi ọ̀dà tuntun tún òdòdó yìí kùn,
tó rò pé ojú mi ti fọ́?

Ìyá Sùwébátù ta abọ́ ọbẹ̀ kan fún mi,
ogún ọdún ló fi ń po iyọ̀ ẹja nínú rẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú:
"Owó yìí ra abọ́ ike méjìlá, tí kò ní fọ́ láé!"
Òótọ́ ni. Ike kì í fọ́.
Kì í dún náà.

Bàbá mi ló ń fọ̀ wọ́n.
Ọdún mọ́kànlá nílé Ajẹ́lẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́,
ife tíì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin,
omi gbígbóná, aṣọ funfun léjìká.
Àwo kan fọ́, sísì kan lọ nínú owó oṣù.
Ní Sátidé, Màdáámù a kà wọ́n bí ẹni ka ewúrẹ́.
Ibẹ̀ ló ti kọ́ títa àwo létí.
Kì í ṣe nítorí ẹwà. Ẹ̀rù ni,
kó lè tètè ké pé,
"Èyí ti sán kí n tó fọwọ́ kàn án!"
Nílé, abọ́ páànù la fi ń jẹun,
síbẹ̀ á ta tirẹ̀ létí kó tó bu òkèlè.
A máa ń fi í ṣẹ̀rín.

Lóṣù tó kọjá, Wákílù ń gbẹ́ kòtò lẹ́yìnkùlé wa
ní Òkè-Balógun, nídìí igi gúáfà tó ti kú.
Ṣọ́bìrì rẹ̀ dún. Inú yàrá ni mo ti mọ ohùn náà.
Mo sáré jáde láìwọ bàtà.
Aṣọ funfun tó ti jẹrà, àwo ẹran ńlá nínú rẹ̀,
ó fọ́ sí mẹ́rin.
Wúrà rẹ̀ ń dán; ilẹ̀ kì í fọ àwo.

Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ gbogbo wọn:
Àwo ẹran kan. Ẹ̀rún kan sọnù. Òǹtẹ̀ hàn.
Ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe rí.
Iye tó lè pa...
Ibẹ̀ ni bírò dúró.

Nítorí mo rántí Jínádù, tó ń tọ́jú òdòdó nílé Ajẹ́lẹ̀,
tí wọ́n lé lọ́sàn-án gangan pé ó jí àwo.
Mo rántí àpò gàrí tí bàbá mi ń rù
lọ fún ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo Iléyá.
"Kí ni wọ́n jẹ́ sí wa?" là ń bi í.
Á gbé abọ́ páànù rẹ̀, á ta á létí.

Gọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì. Mi ò tíì ṣí i.
Ọmọ Jínádù ń ta àwọ̀n ní Ayétòrò.
Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí ni mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá
pẹ̀lú àpò yìí lọ́wọ́.
Lánàá, ó gbójú sókè lórí àwọ̀n tó ń hun, ó ní,
"Bàbá, kí ló ń dún nínú àpò yẹn?"